Báwo lẹ ṣe ń wọ inú ìran improv tó ti ń lọ lọ́wọ́ láì bà á jẹ́?

AdúróTìtàgé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òṣèré. Nínú improv, ìyẹn eré orí ìtàgé tí a kì í kọ sílẹ̀ ṣáájú, ìbéèrè mi dá lórí àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé nígbà tí àwọn méjì ń ṣe ìran lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà ni wá, ìṣẹ́jú 25 la fi ń ṣeré, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òǹwòran bá jù sí wa la sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìran kì í yọ wá lẹ́nu. Ìgbà tí ẹni kẹta bá wọlé ni gbogbo rẹ̀ ń dàrú. Nígbà míì, á wọlé, ìran á sì yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, gbogbo wa á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ère títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu àwọn méjì tó wà láàárín, tí wọ́n á wá máa wojú ara wọn.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti wọlé? Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ? Báwo la sì ṣe ń gbé ẹ̀rín náà ga sí i tí kò fi ní di rúdurùdu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n máa tẹ́tí sílẹ̀, ìyẹn ti yé mi. Ohun tí ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ẹnu ń ṣe gan-an ni mo ń wá.

KókóẸ̀rín

Ẹ kú ìbéèrè. Ká tó dé orí ẹsẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tí ẹsẹ̀ ń wọlé lọ bá. Nínú ìran tó bá ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ohun kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀ tí kò bá ìṣe ayé mu. Òun ni mo ń pè ní kókó ẹ̀rín. Ìyókù ìran náà gbọ́dọ̀ rí bí ayé ṣe rí, torí bí gbogbo nǹkan bá ti ṣàjèjì, kò sí èyí tí ojú máa mú mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Awakọ̀ bàálù àti igbákejì rẹ̀ jókòó níwájú ọkọ̀. Igbákejì ní, "Ọ̀gá, òjò ń bọ̀ níwájú. Ṣé ká yà sọ́tùn-ún?" Awakọ̀ gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Ẹ̀yin èrò wa, ẹ nawọ́ sókè bí ẹ bá fẹ́ ká yà sọ́tùn-ún." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kókó ti jáde nìyẹn: ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè dá pinnu ohunkóhun àfi kó dìbò. Bàálù kọ́ ni kókó, òjò kọ́ sì ni.

Kí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gbé ẹsẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ gbólóhùn yìí nínú ara rẹ̀: "Ohun tí lágbájá máa ń ṣe ni pé..." Bí kò bá lè parí rẹ̀, kó dúró síbi tó wà. Ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹni kẹta rárá. Àwọn méjì náà ṣì ń wá ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n jẹ́ síra wọn. Mo máa ń fẹ́ kí kókó jáde lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì ẹnu, àmọ́ bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di ìwà rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni wíwọlé ránpẹ́. Ẹ wọlé, ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀, ẹ jáde. Ìlà kan tàbí méjì ti tó, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Nínú ìran bàálù wa, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ wọlé, ó ṣe bí ẹni mú ìwé dání: "Ọ̀gá, ìbò ìlà ìjókòó 14 sí 20 ti dé. Èèyàn 23 ní ká yà, 18 ní ká má yà. Ẹnì kan ya ajá sórí ìwé ìbò tiẹ̀." Ó fi ìwé lé awakọ̀ lọ́wọ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò mú àwàdà tara rẹ̀ wá. Ó gbà pé ìdìbò ń lọ lóòótọ́, ó ka iye rẹ̀, ó sì fi ìṣòro tuntun lé ẹni tó ni ìran lọ́wọ́. Ìlà tí awakọ̀ máa sọ tẹ̀ lé e ti wà nílẹ̀ dè é: "A gbọ́dọ̀ dìbò lórí ajá yìí."

Ẹ wá fi wé ẹni tó sáré wọlé pé ejò wà nínú bàálù. Òǹwòran lè rẹ́rìn-ín nítorí ariwo, ṣùgbọ́n kókó ti di méjì nínú ìran kan. Àwọn òṣèré á dá ejò lóhùn, torí ejò ló ń dẹ́rù bani jù, ìdìbò á sì kú síbẹ̀. Bí ejò bá ti wọlé ná (ó sì máa ń wọlé!), ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ fà á wá sínú kókó tó wà nílẹ̀: "Ẹ̀yin èrò, ẹ nawọ́ bí ẹ bá fẹ́ ká pa á."

Ní ti ẹsẹ̀: ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni kí ẹ gbà wọlé, kí ẹ má bàa la àárín àwọn méjì kọjá. Ẹ dúró sẹ́yìn wọn díẹ̀, ẹ má bo ojú wọn mọ́ òǹwòran. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín rọlẹ̀ dé ìdajì kí ẹ tó la ẹnu. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rín ṣì ń hó, ìlà yín á rì. Bí ẹ bá sì dúró títí ẹ̀rín fi tán pátápátá, ìran ti tutù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yín gbọ́dọ̀ fi irú ẹni tí ẹ jẹ́ hàn. "Ọ̀gá, ìbò ti dé" ti tó, ẹ ò nílò láti ní "èmi òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ yìí".

Lẹ́yìn náà, ẹ jáde. Ibí yìí ló ń le fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí ẹ̀rín tí wọ́n gbọ́ ń dùn mọ́ wọn.

ÈjìkáLọWọ́Kàn

Ọ̀rọ̀ wíwọlé ránpẹ́ ti délẹ̀, mi ò ní fi kún un. Fífọwọ́ kan èjìká lèmi fẹ́ sọ, torí òun ló ń gbé ẹ̀rín ga kíákíá jù lọ, òun náà lẹ sì máa rí tí wọ́n ń ṣì lò jù.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹni méjì wà nínú ìran. Ẹ yára rìn wọlé, ẹ fọwọ́ kan èjìká ẹni tí ẹ fẹ́ kó jáde. Á jáde lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá wà láàárín gbólóhùn. Ẹni tó kù ò ní yí padà: orúkọ kan náà, ohùn kan náà, ìwà kan náà. Ibi tí wọ́n wà àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ló yí padà, ẹ̀yin tí ẹ wọlé lẹ sì máa fi ìyẹn hàn.

Ta lẹ máa fọwọ́ kàn? Ẹni tí kókó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ bàálù, igbákejì ló ń jáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fọwọ́ kan awakọ̀ torí òun ló wà nítòsí, tàbí torí pé èèyàn fẹ́ bọ́ sí ipò ẹni tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Igbákejì nìkan ló máa ṣẹ́ kù, kò sì sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè gbé lọ síbòmíràn.

Ìlà àkọ́kọ́ yín ní iṣẹ́ mẹ́ta láti ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí a wà, àti àyè tí kókó máa gbà wọlé. "Dádì, oorun ń kùn mí. Ṣé kí n pa iná?" Ọmọ ni, ilé ni, alẹ́ ni, ìpinnu kékeré kan sì ti wà nílẹ̀. Awakọ̀ á dáhùn pé, "Jẹ́ ká jí ìyá ẹ ná. Ìbò méjì kò lè dá nǹkan sílẹ̀." Ẹ̀yin kọ́ lẹ dìbò o! Iṣẹ́ yín ni láti béèrè, kí ẹ sì ṣe bí ọmọdé tó kàn fẹ́ sùn ṣe máa ń ṣe. Bí ọmọ náà bá tún jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìdìbò, kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé mọ́ nínú ìran, kò sì sí ohun tí ìwà awakọ̀ máa fi hàn bí àjèjì.

Ẹlòmíràn tún wọlé, ó fọwọ́ kan ọmọ: "Níwájú gbogbo àwọn tó pé jọ síbí, ṣé o gbà láti fẹ́ obìnrin yìí?" Awakọ̀ á yíjú sí àwọn àlejò. Ẹ̀rín á ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ nǹkan kan, nítorí òǹwòran ti mọ ohun tó ń bọ̀. Bó bá kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Dókítà gbé ọmọ tuntun sọ́wọ́, ó ní, "Ó yẹ kó ti máa sunkún báyìí." Awakọ̀ dákẹ́, ó ń wo ojú gbogbo wọn ní yàrá ìbímọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá rọra na ọwọ́ kékeré kan sókè. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, kò sì nílò rẹ̀.

Gígùn wọn ṣe pàtàkì. Bí àkọ́kọ́ bá gba ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ìkejì gba 20, kí ìkẹta jẹ́ ìlà kan tàbí ìṣe kan. Ẹ má ṣe àlàyé ibi tí a wà lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta ló dáa jù, mẹ́rin bí iná bá ń jó. Lẹ́yìn ìyẹn, òǹwòran ti ń ṣáájú yín dé ibẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, níbí gan-an ló sì ti ń hàn.

Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà parí rẹ̀: kí ẹnì kan gé ìran, tàbí kí igbákejì tó kọ́kọ́ jáde padà wá fọwọ́ kan ẹni tó wà níbẹ̀, kó sì gbé wa padà sínú bàálù: "Ọ̀gá, a ti wọ inú òjò." Kí igbákejì má ṣe lọ jókòó nígbà tó bá jáde o. Kó dúró létí ìtàgé, torí òun nìkan ló lè da ìran yẹn padà.

Ọ̀rọ̀ ara náà wà níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ lórí èjìká ni, kó fúyẹ́, kó sì wá láti ibi tí ẹni náà ti lè rí yín. Ẹ má gbá a, ẹ má fà á. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kò bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun, ẹ fi ọwọ́ lu afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀. Bákan náà ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́dọ̀ fẹnu kò sí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Dákẹ́Wòran

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dáa, àmọ́ mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìran ló nílò ẹni kẹta. Bí àwọn méjì bá ń rí ẹ̀rín gbà déédéé, tí wọ́n sì ń wojú ara wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. "Ó pẹ́ tí mo ti wọlé kẹ́yìn" kì í ṣe ìdí láti wọlé.

Ẹ lè ṣèrànwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ láì fẹsẹ̀ kan àárín ìtàgé: ìró ẹ́ńjìnnì bàálù, ìró agogo ìkìlọ̀, tàbí ohùn èrò tó ń sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí là ń dìbò lé lórí?" Ìró gbọ́dọ̀ kéré ju ohùn àwọn òṣèré lọ, kó sì dákẹ́ bí wọ́n bá ti dáhùn.

Èyí tó wúlò jù nínú gbogbo wíwọlé ni gígé ìran. Ẹ sáré kọjá níwájú àwọn òṣèré láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ìran sì ti parí nìyẹn. Orí ẹ̀rín tó ga jù ni kí ẹ ti gé e. Bí ẹ bá ń dúró kí ìran kọ́kọ́ rọlẹ̀, ẹ ti pẹ́ jù, torí ohun tó kẹ́yìn ni òǹwòran á rántí. Bí àyà yín bá ń sọ pé "ìlà kan sí i ná", ẹ ti gbọ́dọ̀ máa sáré. Kí ẹ má rìn, kí ẹ má sì yí ojú padà láàárín ọ̀nà. Ẹni tó bá sáré dé ìdajì tó dúró ti pa ìran náà, kò sì gé e.

Nínú Theatresports, ìdíje improv tí Keith Johnstone dá sílẹ̀ ní Kánádà, àwọn onídàájọ́ lè fun fèrè láti fòpin sí ìran tó bá ti ń súni. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá ní fèrè, ẹsẹ̀ yín ni fèrè.

AdúróTìtàgé

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó kù méjì. Bí ẹni méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà tí oníkálukú ní èrò tiẹ̀ ńkọ́? Ìkejì: bí a bá ní ká gbé e ga, kíá la máa ń dé orí ikú, ìbúgbàù àti òpin ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, ibo la tún fẹ́ gbà?

OníÀkàbà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìkejì, òun ló jinlẹ̀ jù.

Gbígbé ga kì í ṣe pípariwo, kì í sì í ṣe pípa èèyàn. Ohun tó ń ga ni àlàfo tó wà láàárín ìwà náà àti ibi tó ti ń wáyé. Ẹ fi àkàbà onípele mẹ́wàá díwọ̀n rẹ̀. Ìdìbò lórí òjò ti wà ní bíi mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ tó kó ìwé ìbò wá gbé e dé mẹ́rin. Ìgbéyàwó wà ní mẹ́fà tàbí méje. Bí ìlà kejì nínú ìran bá ti jẹ́ pé bàálù ti já, ẹ ti wà lórí ìpele kẹwàá, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e á sì dà bí ìsọ̀kalẹ̀.

Ìbéèrè tó ń gbé èèyàn gun àkàbà náà ni pé: bí èyí bá jẹ́ òótọ́, kí ni nǹkan míì tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́? Bí awakọ̀ kò bá lè dá pinnu, báwo ló ṣe ń ra bàtà? Ta ló fún un níṣẹ́, ṣé wọ́n dìbò ni? Kí ló ń ṣe nígbà tí òun nìkan bá wà nílé? Èyí tó kẹ́yìn yẹn dáa gan-an. Ìbéèrè kékeré ni, síbẹ̀ ó gbé kókó ga ju ìbúgbàù lọ, torí ó le fún un jù. Bí ẹ bá ti dé òkè tí kò sí ọ̀nà mọ́, ẹ lọ sí ibi tó kéré jù lọ. Ọkùnrin tó dá dúró níwájú dígí, tó ń ka ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bí ìbò tó dọ́gba, ti ju ọkọ̀ tó ń jóná lọ.

Ohun kejì tí àwọn èèyàn ń fò ni ìdí. Kókó tí kò ní ìdí máa ń gbẹ lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta. Igbákejì ló yẹ kó béèrè: "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò kàn yà?" Ìdáhùn gbọ́dọ̀ bọ́gbọ́n mu lójú awakọ̀: "Ẹni tó bá dá pinnu ló máa ń dá jẹ ẹ̀bi." Ẹ ti ní èrò ọkàn rẹ̀ báyìí, gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì lè fà á yọ. Níbikíbi tí ẹ̀bi bá ti lè wà, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ sì jẹ́ kó sinmi. Láàárín ìgbà méjì tí kókó bá jáde, ẹ fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta ṣe ọ̀rọ̀ lásán: ojú ọjọ́, epo ọkọ̀, ìyàwó igbákejì. Bí kókó bá ń jáde ní gbogbo ìlà, etí á mọ́ ọn lára.

Ní ti ẹni méjì tó wọlé pọ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló ni ín. Ẹni kejì á ju èrò tiẹ̀ nù pátápátá, á sì wá ipò fún ara rẹ̀ nínú ti ẹni àkọ́kọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ń so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, ẹni kejì ti di ìyàwó nìyẹn. Kò tiẹ̀ pọn dandan kó sọ̀rọ̀. Ohun tó burú ni kó dúró, kó rẹ́rìn-ín ìtìjú, kó sì máa fẹ̀yìn rìn jáde. Gbogbo ojú ni yóò tẹ̀ lé e.

Ìdánrawò méjì fún ẹni mẹ́fà. Àkọ́kọ́: àwọn méjì ṣeré fún ìṣẹ́jú kan, ẹ dá wọn dúró, kí àwọn mẹ́rin tó kù kọ kókó náà sórí ìwé ní gbólóhùn kan láì wo ti ara wọn. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá jọra, ẹ má wá ẹ̀bi sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ wọlé. Àwọn tó ń ṣeré kò tíì sọ kókó náà kedere, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ìkejì: ìran kan, wíwọlé ránpẹ́ mẹ́rin, ìlà kan fún ẹnì kan, kó má ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, kí ẹni náà sì ti jáde kí ẹ tó ka márùn-ún tán. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà kí gbogbo yín lè dé àárín.

ÈjìkáLọWọ́Kàn

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, torí ìṣẹ́jú 25 tí ẹ dárúkọ. Bó bá jẹ́ Harold lẹ ń ṣe, ìyẹn irú eré improv gígùn tí Del Close àti The Committee, ẹgbẹ́ òṣèré San Francisco, bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ìran mẹ́ta ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń wáyé lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú eré gbogbo ẹgbẹ́ láàárín. Ẹ pín àkókò náà báyìí: ìṣẹ́jú 3 fún ìbẹ̀rẹ̀, 9 fún ìran mẹ́ta àkọ́kọ́, 2 fún eré ẹgbẹ́, 6 fún ìpadàbọ̀ àkọ́kọ́, 2 fún eré ẹgbẹ́ kejì, 3 fún ìparí níbi tí gbogbo rẹ̀ ti ń dà pọ̀.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan èjìká nínú ìṣẹ́jú 9 àkọ́kọ́ yẹn. Bí ẹ bá ti gbé awakọ̀ lọ sílé, sí ìgbéyàwó àti sí yàrá ìbímọ níbẹ̀, kí ló kù tí ẹ máa fi padà wá? Wíwọlé ránpẹ́ kan ti tó fún ìran kọ̀ọ̀kan ní ìgbà àkọ́kọ́. Inú ìṣẹ́jú 6 ni èjìká ti ń wúlò. Nínú ìṣẹ́jú 3 tó kẹ́yìn, ẹ kàn nawọ́ sókè nínú ìran ẹlòmíràn, láì sọ ohunkóhun. Òǹwòran á mọ ẹni tó wọlé.